Ìpolówó Ọjà Ni Àgúnmu Òwò

Ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Ẹni tó ru ẹ̀kọ gbígbóná dé ìdí ọkọ̀ ní Òṣòdì tó wá panu mọ́, ẹ̀kọ yóò tutù mọ́ ọn lórí ni. Ohun tó ń ṣe ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà tán nìyẹn. Wọ́n mọṣẹ́, ṣùgbọ́n ìwé-ẹ̀rí nìkan ni wọ́n ń gbé kiri.

Àbúrò mi kan, ọmọ àbúrò ìyá mi, wá bá mi lọ́dún tó kọjá. Oṣù mẹ́fà ló ti ń wáṣẹ́ lórí LinkedIn àti Jobberman. Ó ṣí fóònù rẹ̀ hàn mí: ibi tó ti kọ̀wé sí lé ní igba, CV kan náà ló sì fi ránṣẹ́ síbi gbogbo, títí kan ibi tí wọ́n ti ń wá ọ̀gá. “Bọ̀dá mi, wọn ò tiẹ̀ dá mi lóhùn.” Ẹni tó lé eku méjì á pòfo, áḿbọ̀sì ẹni tó lé igba.

Mo bi í pé kí ló ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ó ronú títí, ó ní kò sí, àfi ètò kékeré kan tó kọ fún màmá rẹ̀, olórí àjọ ní Mushin: ẹni tó dá, iye tó dá, ẹni tó kàn láti kó o. Inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ló wà, ẹnikẹ́ni ò rí i rí. Mo ní, “Ọjà rẹ nìyí, o sì tì í mọ́ yàrá!”

A gbé e sórí GitHub, ìkànnì tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ti ń fi iṣẹ́ wọn hàn. Ó kọ àlàyé sí i: òjò tó pa ìwé àjọ màmá rẹ̀, ohun tí ètò náà ń ṣe, ohun tí kò tíì lè ṣe. Ó fi líǹkì rẹ̀ sókè CV. Ojú ìwé kan ti tó fún CV akọ́bẹ̀rẹ̀. Má fi àwòrán dí i, torí ní ilé-iṣẹ́ púpọ̀, kọ̀ǹpútà ló ń kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí wọ́n bá ní àwọn ń wá ẹni tó mọ SQL, tí o sì mọ̀ ọ́n, kọ ọ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Bí o ò bá mọ̀ ọ́n, má kọ ọ́. Ìbéèrè kejì ni àṣírí á tú. Bí wọ́n bá sì béèrè ìrírí ọdún méjì, tí o lè ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, kọ̀wé.

Iṣẹ́ tí o fọwọ́ ara rẹ ṣe náà, ìrírí ni. Jobberman fúnra rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 2009, nígbà tí àwọn olùkọ́ yanṣẹ́ lódì. Wọn ò dúró dìgbà tí ẹnì kan máa gbà wọ́n síṣẹ́.

Ní ti àwọn recruiter, ilé-iṣẹ́ ló ń sanwó fún wọn. Wọn kì í wáṣẹ́ fún èèyàn. Èèyàn ni wọ́n ń wá fún iṣẹ́. Má ròyìn ìyà fún wọn. Sọ iṣẹ́ tí o rí, ohun tí o ti ṣe tó jọ ọ́, kí o fi líǹkì sí i. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá, rán wọn létí lẹ́ẹ̀kan, kí o sì máa bá tìrẹ lọ.

Ẹni tó bá ní kí o san owó fọ́ọ̀mù tàbí owó ẹ̀kọ́ kí o tó ríṣẹ́, sá fún un. Má fún un ní BVN rẹ. Abéèrè kì í ṣìnà: béèrè orúkọ ilé-iṣẹ́ tó rán an, kí o pe ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ. Èmi náà ti tẹ̀lé àtẹ̀jíṣẹ́ “wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò” dé gbọ̀ngàn kan ní Ìkẹjà rí, nígbà tí n ò kọ̀wé síbì kankan. A tó ọgọ́rin tá a wọ aṣọ ọ́fíìsì. Oògùn ni wọ́n ní ká fowó wa rà, ká máa tà kiri. Owó ọkọ̀ tí mo yá ni mo fi débẹ̀.

Ìwé ìwáṣẹ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni àbúrò mi wá ń kọ, ó ń fara balẹ̀ ka ìpolówó kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kẹrìnlá ló so èso. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n bi í níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ni pé, bí ẹnì kan bá kó àjọ tán tí kò dá mọ́, kí ni ètò rẹ̀ máa ṣe? Ó mọ èsì rẹ̀, torí ó ti ṣẹlẹ̀ sí màmá rẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n kọ́kọ́ fi gbà á. Ó ṣì wà níbẹ̀ dòní.