Páìpù Asẹ́ Omi Ẹja

Omi kan náà ni ẹja inú àpótí gíláàsì ń mí nínú rẹ̀, òun náà ni ó sì ń yàgbẹ́ sí. Amóníà tí ń jáde lára rẹ̀ a máa pa á bí kò bá sí asẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe asẹ́ yóò gbé ike ńlá sí abẹ́ àpótí, yóò sì to kànrìnkàn sínú rẹ̀. Páìpù kan, tí ẹnu rẹ̀ bá ojú omi dọ́gba, ń gbé omi sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré ń fi páìpù kejì tì í padà sókè.

Páìpù kejì yìí ni ó yẹ kí a ṣọ́. Bí iná mànàmáná bá lọ, ẹ̀rọ a dúró, ṣùgbọ́n omi kì í dúró. Bí ẹnu páìpù bá rì sínú omi, omi yóò máa fà wálẹ̀ gba inú rẹ̀, bí epo ti í ṣe nínú rọ́bà tí awakọ̀ fi ẹnu fà. Ike yóò kún àkúnwọ́sílẹ̀, ẹja yóò sì kù sórí gbígbẹ.

Ihò kékeré ni òògùn rẹ̀. A ó lu ú sára páìpù náà, ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 1 sísàlẹ̀ ojú omi. Nígbà tí omi bá fà dé ibẹ̀, afẹ́fẹ́ yóò wọlé, omi yóò sì já. Ewédò a máa dí ihò yìí. Abẹ́rẹ́ ni a fi ń là á lóòrèkóòrè.