Màmá Ń Lọ Wẹ Ọmọ ní Príncipe

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Gbogbo wa ni a mọ òwe yìí. Ṣùgbọ́n aṣọ àti gèlè nìkan kọ́ ni ẹ̀ṣọ́. Ìlera pẹ̀lú jẹ́ ẹ̀ṣọ́. Ẹ jẹ́ kí á ka ìtàn màmá kan, kí á lè mọ bí a ti í múra ìrìn-àjò sí ibi tí ó jìnnà.

1. Ọmọ pe ìyá rẹ̀

Ọmọbìnrin màmá yìí ń bá ọkọ rẹ̀ gbé ní erékùṣù Príncipe. Ó lóyún. Ìbímọ rẹ̀ ku oṣù méjì. Ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi wẹ ọmọ."

Inú màmá dùn. Ṣùgbọ́n níbo ni Príncipe wà?

Erékùṣù ni ilẹ̀ tí omi yí ká. Príncipe wà láàárín òkun, ní apá gúúsù Nàìjíríà. Láti Èkó dé ibẹ̀ tó nǹkan bí 700 kìlómítà. Príncipe àti São Tomé ni ó para pọ̀ di orílẹ̀-èdè kan. Àwọn Potogí ni ó ń ṣe ìjọba lé wọn lórí tẹ́lẹ̀. Wọ́n gba òmìnira ní ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 1975. Èdè Potogí ni wọ́n ń sọ. Dobra ni orúkọ owó wọn.

Príncipe kéré. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ kò tó 10,000. Ilé ìwòsàn wà ní Santo António tí í ṣe ìlú wọn, ṣùgbọ́n kò tóbi. Bí àìsàn bá le, wọ́n ní láti gbé aláìsàn la òkun kọjá lọ sí São Tomé. Ọ̀nà náà tó nǹkan bí 150 kìlómítà. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá yá lóru níbẹ̀ kò lè wọ takisí lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Nítorí náà, láti ilé ni a ti ń múra.

2. Káàdì kò lè bá ibà jà

Ẹni tí ó bá ti Nàìjíríà lọ sí ibẹ̀ ní láti fi yẹ́lò káàdì hàn. Káàdì yìí ni ẹ̀rí pé a ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú.

Aládùúgbò kan sọ fún màmá pé, "Kí ni ẹ fẹ́ gba abẹ́rẹ́ fún? Mo mọ ẹnìkan tí yóò bá yín ṣe káàdì láìgba abẹ́rẹ́. Owó kékeré ni."

Màmá rò ó. Ó ní, "Ẹ ṣeun o. Ṣùgbọ́n káàdì kò lè bá ibà jà. Abẹ́rẹ́ ni ó lè bá a jà."

Nígbà tí ìrìn-àjò ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó lọ sí ibi tí ìjọba ti ń fún ni ní abẹ́rẹ́ náà. Nọ́ọ̀sì bi í pé, "Màmá, ẹni ọdún mélòó ni yín?"

"Ọdún márùndínlọ́gọ́ta ni mí."

"Ó dára. Ẹni tí ó bá ti tó 60 ọdún, aboyún, àti ẹni tí àìsàn ti dín agbára ara rẹ̀ kù, ní láti kọ́kọ́ rí dókítà. Abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Ọjọ́ 10 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni káàdì yín yóò tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Nítorí náà ẹ má ṣe gbà á ní ọ̀la ìrìn-àjò. Láti ọdún 2016, káàdì yìí wúlò títí ọjọ́ ayé ẹni."

Nọ́ọ̀sì kọ káàdì, ó fi lé màmá lọ́wọ́. Màmá kò kàn sọ ọ́ sínú àpò. Ó kà á. Ó mú páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ jáde, ó fi wé e.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, lẹ́tà kan kù nínú orúkọ mi yìí."

Nọ́ọ̀sì wò ó. Òtítọ́ ni. Ó tọrọ gáfárà, ó sì kọ òmíràn. Bí màmá kò bá mọ̀wé kà ni, ẹnu bodè ni ì bá ti mọ̀ pé orúkọ kò bá ara mu.

3. Ibà tí kò dun ni

Nọ́ọ̀sì tún ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí á yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò nítorí ibà."

Màmá rẹ́rìn-ín. "Ibà kẹ̀? Kò ṣe mí. Láti kékeré ni ó ti mọ́ mi lára."

"Ohun tí mo ń sọ gan-an nìyẹn. Nítorí pé ó ti mọ́ yín lára, kòkòrò ibà lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ yín, kí ó má sì dùn yín. Ní Príncipe, wọ́n ti bá ibà jà gidigidi. Wọ́n fín oògùn sí ara ògiri ilé. Wọ́n pín nẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, wọ́n sì ń tọ́jú ẹni tí ó bá ní in. Ibà ibẹ̀ wá dínkù púpọ̀. Ṣùgbọ́n ara àwọn ọmọ ibẹ̀ kò mọ ibà mọ́. Bí ẹ̀fọn bá jẹ yín, tí kòkòrò náà sì gbó nínú rẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, tí ó wá jẹ ìkókó ńkọ́?"

Màmá dákẹ́. Ohun búburú tí ó lè bá òun ní ọ̀nà jíjìn ni ó ti ń rò. Kò rò ó rí pé òun fúnra òun lè gbé àrùn lọ bá ọmọ ọmọ òun.

Ó na ìka. Wọ́n gún un, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Kòkòrò ibà wà níbẹ̀.

Wọ́n fún un ní oògùn ọjọ́ mẹ́ta. Ó lò ó tán, kò ṣẹ́ ọ̀kan kù. Ó tún padà wá fún àyẹ̀wò. Lẹ́yìn náà ó ra nẹ́ẹ̀tì tuntun méjì tí a ti fi oògùn sí. Ọ̀kan fún òun, ọ̀kan fún ìyá ìkókó àti ọmọ rẹ̀.

4. Àpò oògùn

Màmá ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Oṣù kan àbọ̀ ni yóò lò, ṣùgbọ́n oògùn oṣù méjì ni ó rà, nítorí ọkọ̀ lè pẹ́. Ó ka ọjọ́ tí oògùn yóò bàjẹ́ lára páálí kọ̀ọ̀kan. Kò da oògùn sínú ọ̀rá. Inú páálí rẹ̀ ni ó fi í sí, pẹ̀lú ìwé dókítà. Àpò ọwọ́ ni ó kó wọn sí, nítorí ẹrù ńlá lè sọnù.

Ó fẹ́ gbé ìgò àgbo fún ọmọ. Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, Màmá. Kò ṣeé gbé lọ́wọ́ nínú ọkọ̀ òfurufú bí ó bá ju 100 mìlílítà lọ. Ọmọ pàápàá kò nílò rẹ̀. Ọmú ìyá nìkan ni oúnjẹ ọmọ fún oṣù mẹ́fà. Kò gbọdọ̀ mu omi, kò gbọdọ̀ mu àgbo."

Ọ̀rọ̀ yìí kò kọ́kọ́ dùn mọ́ màmá nínú. Ṣùgbọ́n ó rántí ẹ̀jẹ̀ ìka rẹ̀. Ó fi ìgò sílẹ̀.

Fún àgbàlagbà, ẹ se omi títí yóò fi hó kùtùkùtù, kí ẹ tó mu ún. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá ń ṣe ènìyàn, ẹ po omi yìí fún un: omi mímọ́ lítà kan, ṣíbí tíì 6 ṣúgà, ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀. Kí ṣíbí má kún àkúnya. Ẹ máa fún un mu díẹ̀díẹ̀.

5. Ojú omi

Ọkọ̀ òfurufú kékeré máa ń ti São Tomé lọ sí Príncipe. Ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú ń lọ. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2019, ọkọ̀ kan tí ó ń lọ sí Príncipe dojú dé lórí òkun. Ènìyàn kú níbẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i pé èrò àti ẹrù ti pọ̀ jù nínú ọkọ̀, ẹ má wọ̀ ọ́. Ẹ béèrè ẹ̀wù tí í mú ni léfòó, kí ẹ sì wọ̀ ọ́ kí ọkọ̀ tó ṣí.

6. Ìwé tí màmá kọ

Ní alẹ́ tí ó ṣáájú ìrìn-àjò, màmá mú bébà, ó kọ orúkọ rẹ̀, àìsàn rẹ̀, oògùn rẹ̀ àti nọ́ńbà ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kọ ọ̀rọ̀ Potogí mẹ́rin:

água: omi
febre: ara gbígbóná
médico: dókítà
dói: ó ń dùn

Ó dé ibẹ̀ láyọ̀. Òṣìṣẹ́ ẹnu bodè béèrè káàdì. Màmá fà á yọ. Orúkọ bá orúkọ mu. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn èyí, ọmọ dé, ọkùnrin ni. Lábẹ́ nẹ́ẹ̀tì ni màmá ti ń kọ orin fún un.

Ìbéèrè

1. Kí ni erékùṣù?
2. Ọjọ́ mélòó ṣáájú ìrìn-àjò ni ó kéré jù tí a gbọdọ̀ gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú?
3. Kí ni ìdí tí wọ́n fi yẹ ẹ̀jẹ̀ màmá wò nígbà tí kò sí ohun tí ń ṣe é?
4. Kí ni a ń pò mọ́ omi fún ẹni tí ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe? Ẹ sọ ìwọ̀n rẹ̀.
5. Ẹ mú bébà. Ẹ kọ orúkọ yín, oògùn tí ẹ ń lò, àti nọ́ńbà ẹni tí a lè pè. Ẹ fi í sínú àpò yín láti òní lọ.