Ẹ̀KỌ́ FÚN ÀWỌN OLÙKỌ́: IṢẸ́ ẸNI TÍ Ó DÚRÓ LẸ́YÌN

Ẹ̀yin olùkọ́ wa ní Ìlaròó, bí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ bá ń pín ara wọn fún bọ́ọ̀lù, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n gbá ni wọn a máa fi sí ẹ̀yìn. Èyí kò tọ́. Ẹ wo Onome Ebi, tí a bí ní ọdún 1983. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mọ ibi tí alátakò ń lọ kí ó tó dé ibẹ̀, kí ó sì gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ rẹ̀ láìrú òfin. A ń ka gòólù tí ó wọlé. Ta ni í ka èyí tí kò wọlé?

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2018, ní Ghana, Gúúsù Áfíríkà fi gòólù kan borí Nàìjíríà. Wọ́n tún pàdé ní àṣekágbá, ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá. Ìṣẹ́jú 120 kọjá, gòólù kan kò wọ ilé Nàìjíríà. Penáritì 4 sí 3 ni wọ́n fi gba ife.

Ní Swídìnì, Túrkì, Bẹ̀lárùs, Ṣáínà àti Spéìn ni Ebi ti fi iṣẹ́ yìí jẹun. (Kí òbí tí ń lé ọmọbìnrin kúrò ní pápá tún gbólóhùn yìí kà.) Ife Àgbáyé mẹ́fà ni ó bá Nàìjíríà lọ, láti 2003 títí dé 2023, nígbà tí ó di ẹni ogójì ọdún. Ní ọdún náà, Osinachi Ohale àti Oluwatosin Demehin, àwọn àbúrò rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, dúró lẹ́yìn fún ìṣẹ́jú 120, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò sì rí gòólù kankan gbá wọlé títí ó fi di penáritì.