Tọ́ọ̀ṣì Tí Wọn Kò Ṣe Fún Títú

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní irú tọ́ọ̀ṣì yìí nílé: ike ni ara rẹ̀, irin púlọ́ọ̀gì rẹ̀ wà lẹ́yìn, òun náà la ó fà jáde láti kì bọ ojú iná lára ògiri. Bí a bá lò ó fún ìgbà díẹ̀, kì í lè tàn pẹ́ mọ́. A ó sọ ọ́ nù, a ó ra òmíràn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bátìrì nìkan ló sábà máa ń kú nínú rẹ̀. Àwọn gílóòbù wẹ́wẹ́ iwájú rẹ̀ ṣì dára, wáyà rẹ̀ ṣì pé. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe é ti lẹ̀ ẹ́ pa, wọn kò fi ọ̀nà kankan sílẹ̀ tí a ó gbà wọ inú rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má tíì sáré mú ọ̀bẹ o. Nínú púpọ̀ àwọn tọ́ọ̀ṣì olówó pọ́ọ́kú wọ̀nyí, kò sí ohun tó ya iná ìjọba sọ́tọ̀ kúrò lára wáyà inú wọn. Nǹkan kékeré kan tí àwọn atún-rédíò-ṣe ń pè ní kàpásítọ̀ ló ń dín agbára iná 220 fólítì kù kí ó tó dé ọ̀dọ̀ bátìrì. Ike yẹn nìkan, nígbà náà, ló wà láàárín ọwọ́ wa àti iná ògiri. A kò gbọdọ̀ tú u nígbà tó wà lára iná, a kò sì gbọdọ̀ kì í bọ iná láti yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí inú rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Kàpásítọ̀ náà tún lè di iná mú lẹ́yìn tí a bá ti fa púlọ́ọ̀gì yọ, ó sì lè ta ẹni tó bá fọwọ́ kan irin rẹ̀. Ẹ fà á yọ ní alẹ́, ẹ tàn án kí ó jó títí yóò fi rẹ̀, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wá síkúrù tó fara pamọ́. Ẹ fi ìka tẹ bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀. Ibi tó bá jìn wọnú díẹ̀, ó ṣeé ṣe kí síkúrù wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ wo abẹ́ ẹsẹ̀ rọ́bà rẹ̀ pẹ̀lú. Bí orí rẹ̀ bá jẹ́ èyí tí a ń yí, tó kàn jẹ́ pé gúlúù ló dì í, ẹ wé awẹ́ rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ mọ́ ọn kí ọwọ́ lè dì í mú, kí ẹ wá yí i sí òsì. Aṣọ tí a rì bọ omi gbígbóná tí a sì fún gbẹ dáadáa lè mú kí gúlúù náà rọ̀. Iná àbẹ́là tàbí sítóòfù kò yẹ níbẹ̀ rárá.

Bí a kò bá rí síkúrù, ojú ibi tí ike méjì ti pàdé ló kù. Ọ̀bẹ pẹlẹbẹ tí kò mú ni kí ẹ fi wá ojú náà kiri, kí ẹ máa ta ọ̀bẹ sóde, kì í ṣe síhà ọwọ́ yín. Èyí tí wọ́n fi ooru lẹ̀ pọ̀ kò ní í gbọ́ ti ọ̀bẹ. Ayùn irin la ó fi rẹ́ ẹ lójú ìpàdé náà. Ike yẹn kò nípọn, nítorí náà ẹ rẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀, kí ayùn má baà ge wáyà tàbí kí ó wọ ara bátìrì.

Nígbà tó bá ṣí, ẹ ya àwòrán bí wáyà ṣe rìn kí ẹ tó tú ọ̀kankan. Bátìrì tí ẹ ó bá níbẹ̀ sábà jẹ́ ti òjé, 4 fólítì, ọmọ ìyá bátìrì ọkọ̀ tí Gaston Planté kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1859. Ohun méjì ló ń pa á: kí a fi í sílẹ̀ lófìfo fún oṣù púpọ̀, tàbí kí a gbàgbé rẹ̀ sára iná fún ọjọ́ mélòó kan. Púpọ̀ nínú wọn kò ní ohun tó ń dá iná dúró nígbà tí bátìrì bá yó. Omi inú rẹ̀ yóò máa gbẹ, ikùn rẹ̀ yóò sì wú.

Bátìrì òjé 4 fólítì ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Àwọn kan ń fi bátìrì lítíọ́ọ̀mù tí wọ́n yọ lára kọ̀ǹpútà àtijọ́ síbẹ̀, nítorí pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ iye fólítì kan náà, ó sì ń tàn dáadáa ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Àwa kò fara mọ́ ọn rárá. Lítíọ́ọ̀mù kò gba àyójù. Lára irú tọ́ọ̀ṣì yìí, ó lè gbiná ní òru nígbà tí ará ilé ń sùn.

Nígbà tí ẹ bá ń pa á dé, ẹ lu ihò kéékèèké, kí ẹ fi síkúrù dì í dípò gúlúù, kí ó lè rọrùn nígbà mìíràn. Orí síkúrù náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ike, tàbí kí ó jìn wọnú kí ọwọ́ má kàn án. Bí ike bá ti sán, ẹ má tún kì í bọ iná mọ́. Tọ́ọ̀ṣì tí a ti tú kò tún ní í lè dènà omi. Kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tó ń sin ẹja má mú un lọ sí etí odò.

Ẹ má fọ́ òkú bátìrì láti mú òjé inú rẹ̀ ṣe ohun tí ń fa àwọ̀n ẹja sísàlẹ̀, ẹ má sì jó o. Ní Zamfara ní ọdún 2010, òjé tó wà nínú òkúta tí wọ́n ń fọ́ láti wá wúrà ló pa àwọn ọmọdé tí iye wọn tó nǹkan bí 400. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan wá ike ńlá kan tó ní ìdérí, kí ó gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò tó, kí akọ̀wé máa kó òkú bátìrì sínú rẹ̀ títí yóò fi tó kó lọ fún àwọn tó ń ra bátìrì ọkọ̀ tó ti kú.