Ohun Tí Mo Rí Kọ́ Nípa Owó Tó Ń Wọ Pápá

 

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló rò pé ẹsẹ̀ nìkan ni wọ́n fi ń jẹun nídìí bọ́ọ̀lù. Tí kóòṣì bá ti yọ orúkọ èèyàn kúrò nínú tíìmù, a gbà pé ó parí nìyẹn. Nígbà ọlidé gígùn tó kọjá, mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ́ṣẹ́ ní ọ́fíìsì kékeré kan ní Ìkẹjà. Iṣẹ́ wọn ni láti máa wá onígbọ̀wọ́ fún eré ìdárayá. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé kí bọ́ọ̀lù tó yí, ẹnì kan ti kọ lẹ́tà, ẹnì kan ti ya àwòrán ẹ̀wù, ẹnì kan sì ti ka èrò.

Kí ni iṣẹ́ náà gan-an?

Àwọn àgbà ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Ọjà méjì ni iṣẹ́ yìí ń polówó.

Èkíní ni eré fúnra rẹ̀. Ẹ rántí ẹ̀wù Super Eagles tí Nike ṣe. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2018 ló bọ́ sọ́jà. Èèyàn tò lọ rẹrẹ níwájú ṣọ́ọ̀bù ní London, ẹ̀wù sì tán kíá. Ọjọ́ 16 oṣù yẹn ni a tó gbá bọ́ọ̀lù wa àkọ́kọ́ ní Rọ́ṣíà, Croatia sì nà wá 2-0. Ṣé ẹ rí i? Kì í ṣe góòlù ló ta ẹ̀wù yẹn. Àrà ara rẹ̀ tó rán èèyàn létí ẹ̀wù ọdún 1994, àti ariwo tí wọ́n ti ń pa lé e lórí láti oṣù kejì, ló tà á.

Èkejì ni ọjà ẹlòmíì tó gun ẹ̀yìn eré. Eré sísá ọlọ́nà jíjìn ti Èkó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2016, Access Bank ló sì gbọ̀wọ́ rẹ̀. Access Bank Lagos City Marathon ni wọ́n sọ ọ́. Ẹni tó bá pe orúkọ eré náà délẹ̀ ti bá báńkì polówó, kò sì gba kọ́bọ̀.

Kíka èrò

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fún mi ni pé kí n dúró sẹ́nu géètì níbi ìdíje àwọn ọmọdé kan ní Agége, kí n máa fa ìlà sínú jọ́tà: ọmọdé, ọ̀dọ́, àgbà. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, àǹtí tó ń kọ́ mi níṣẹ́ bi mí pé, "Nínú àwọn tó wá yìí, àwọn wo ló máa ra kí ni?"

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní ilé iṣẹ́ kan fi ₦200,000 gbọ̀wọ́ ìdíje, tí èèyàn 1,000 sì wá. ₦200 ló ná lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ bisikíìtì ló ń tà, tí 800 nínú wọn sì jẹ́ ọmọdé, ó bọ́ sí i. Tó bá jẹ́ sìmẹ́ǹtì ńkọ́? Ọmọ ọdún mẹ́wàá wo ló fẹ́ kọ́lé?

Lẹ́tà

Lẹ́tà tó ní "ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú wa" pọ̀ nínú fáìlì tí mo tò. Àǹtí ní ẹni tó bá tọrọ, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n máa fún un. Ẹni tó bá báni ṣòwò, wọ́n á tún padà wá bá a. Lẹ́tà tó dáa máa ń sọ nǹkan mẹ́ta: irú èèyàn tó máa wá àti iye wọn, ibi tí orúkọ onígbọ̀wọ́ máa wà, àti ọjọ́ tí a máa jábọ̀ fún un lẹ́yìn eré.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo owó ni ká gbà. Orúkọ tó bá wà láyà ọmọdé, òun ni ọmọ náà ń polówó. Ilé tẹ́tẹ́ àti ọlọ́tí náà lówó lọ́wọ́. Gbogbo wa la sì mọ àwọn ọmọ àdúgbò wa tí wọ́n ti fi owó ọkọ̀ ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù. Lójú tèmi, ó sàn ká wọ ẹ̀wù tí kò ní orúkọ kankan ju ká gbé irú orúkọ bẹ́ẹ̀ sáyà.

Ọ̀nà tó lọ síbẹ̀

Ẹ má fi Commerce, ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì ṣeré. Ní yunifásítì, èèyàn lè gba ọ̀nà Business Administration tàbí Human Kinetics. UNILAG ní méjèèjì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga náà tún ní ìkọ́ṣẹ́ SIWES tí ITF dá sílẹ̀ ní ọdún 1973. Kó tó dìgbà yẹn, ọ́fíìsì pọ̀ ní Ìkẹjà níbí tí èèyàn lè kọ̀wé sí. Owó ọkọ̀ nìkan ni wọ́n fún mi, ìdajì iṣẹ́ náà sì ni pípe fóònù tí ẹnikẹ́ni kì í gbé. Ẹni tí kò ní sùúrù, kó má dé ibẹ̀.

Inter-house wa ń bọ̀ ní sáà kejì. Kí háọ̀sì kọ̀ọ̀kan tó ní kí òbí dá owó ẹ̀wù, ẹ jẹ́ ká ka iye òbí àti ará àdúgbò tó máa ń wá. Ká kọ ọ́ sínú lẹ́tà, ká mú un lọ sí ilé búrẹ́dì tó sún mọ́ wa. Agége la wà yìí. Ta ni kì í jẹ búrẹ́dì?