Wáìnì Georgia: Ìgboro Ni Àbí Oko?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, mo ń lọ sí Tbilisi, olú ìlú Georgia. Ṣé kí n tọ́ wáìnì wọn wò nígboro, àbí kí n dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe é?

Ìdáhùn: Ẹ lọ sí Kakheti, ní ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè náà. Ìgò kọ́ ló mú wáìnì Georgia yàtọ̀, inú ilẹ̀ ni àṣírí rẹ̀ wà. Ìkòkò amọ̀ ràgàjì kan wà tó ń jẹ́ qvevri, wọ́n á rì í mọ́lẹ̀ títí dé ọrùn kí ó lè máa tutù. Omi àjàrà, èèpo àti kóró rẹ̀ ni wọ́n ń dà pọ̀ sínú rẹ̀, wọ́n á sì dé e pa fún nǹkan bí oṣù márùn-ún sí mẹ́fà. Ìdí nìyẹn tí àjàrà funfun bíi Rkatsiteli fi ń di wáìnì tó pọ́n rúsúrúsú, tó ń fún ahọ́n bí obì. UNESCO ti ka iṣẹ́ yìí mọ́ àjogúnbá aráyé láti 2013.

Ẹnìkan lè sọ pé ilé-iṣẹ́ wáìnì ńlá ló rọrùn jù, amọ̀nà wà níbẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà mọ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àgbá irin ló pọ̀ jù níbẹ̀, irú èyí tí Faransé náà ní. Ọ̀dọ̀ ìdílé kékeré ni wọ́n ti lè ṣí ìdérí ìkòkò lójú yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ háyà awakọ̀ o: lẹ́yìn wáìnì, baálé lè gbé chacha jáde, ọtí líle tí wọ́n fi èèpo àjàrà se, kíkọ̀ ọ́ kò sì rọrùn.