Ọmọ Lámilámi àti Oúnjẹ Rẹ̀

Gbogbo ènìyàn ni ó mọ lámilámi tí í fò lókè omi, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni ó mọ̀ pé inú omi ni ó ti ń dàgbà. Nínú àbàtà Lẹ́kí àti Ajah, níbi tí omi kò ti ní iyọ̀, ọmọ lámilámi a máa lo ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù kí ó tó hu ìyẹ́. Kò tó ìka ọwọ́, síbẹ̀ ọdẹ paraku ni. A ba sí ìdí koríko. Bí tanwíjí, èyí tí í di ẹ̀fọn, bá sún mọ́ ọn, a na ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ jáde, a sì hán an.

Bí tanwíjí bá ṣọ̀wọ́n, díẹ̀ ni yóò jẹ. Bí wọ́n bá pọ̀, yóò pa sí i. Ṣùgbọ́n ó ní ìwọ̀n, nítorí pé mímú àti jíjẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan gba àkókò, ikùn rẹ̀ sì kéré. C. S. Holling, onímọ̀ ará Kánádà, ṣàlàyé òfin yìí ní 1959. Nígbà tí ebi bá pọ̀jù, ọmọ lámilámi a máa pa ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ.

Omi inú agolo a máa gbẹ kí ọmọ lámilámi tó dàgbà, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì tó fún ẹ̀fọn. Nítorí náà, níbi tí a bá ti fi yanrìn dí àbàtà, tí agolo sì kún àyíká, oúnjẹ ọdẹ pọ̀, ọdẹ ni kò sí. Ẹni tí ó bá fẹ́ sun oorun àsùnwọra, kí ó da omi agolo nù, kí ó sì fi àbàtà sílẹ̀ fún ọdẹ rẹ̀.